Ọdún Tí A Wá Òǹtẹ̀wé fún Ìdí Ààrò

Ọlọ ni a kọ́kọ́ máa ń gbọ́ láràárọ̀ ní ilé wa ní Ìporò. Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, kì í jẹ́ kí ẹlòmíràn bá òun lọ ata; ó ní ata tí ọwọ́ méjì bá lọ̀ kì í mọ ẹni tí yóò dùn fún. Lẹ́yìn ọlọ, aago ṣọ́ọ̀ṣì á dún láti ọ̀nà Aké. Lẹ́yìn aago ni ìgbálẹ̀ tèmi, nítorí èmi ni mo ń gbá ojúde, láti ìdí àpáta ńlá tó wà lẹ́yìn ilé títí dé ẹnu ọ̀nà. Ní ọdún tí mò ń rántí yìí, ìró kan tí kò sí tẹ́lẹ̀ wá wọ àárín wọn. Táípùráítà ni. Àǹtí Fọlákẹ́, àbúrò bàbá mi tí kò tíì lọ́kọ, ló gbé e wálé, àlòkù tó wúwo bí odó, ó sì máa ń jókòó tì í nínú yàrá rẹ̀ kí ó tó múra lọ síléèwé girama tó ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní Yorùbá. Kó, kó, kó, kó, bí ìlà bá sì parí, agogo kékeré kan á dún nínú rẹ̀: ṣíín. Mo máa ń dá ìgbálẹ̀ dúró kí n lè gbọ́ ṣíín yẹn. Lójú mi nígbà náà, ohun tí Àǹtí ń ṣe nínú yàrá rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ohun tí Ọlọ́run ṣe ní ìbẹ̀rẹ̀ ayé: ó ń sọ̀rọ̀, nǹkan sì ń wà.

Mo ti dàgbà báyìí ju bí Àǹtí ṣe wà lọ́dún náà lọ, ohun tí n kò mọ̀ nígbà yẹn sì ti yé mi. Ọ̀rọ̀ àwọn ìyá arúgbó ló ń tẹ̀. Bí ọjọ́ Sátidé bá dé, a máa ń lọ láti agboolé dé agboolé, ní Ìkìjà, ní Kéésì, ní Ìtòkò, èmi ni mo sì ń gbé àpò. Àwọn ìyá náà á máa ṣa ẹ̀wà tàbí kí wọ́n máa koná, Àǹtí á máa béèrè, wọ́n á máa sọ: bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ìyá ìkókó, oríkì ilé wọn, àlọ́ tí kò sí nínú ìwé iléèwé, ohun tí a lè fi láfún tó kan jù ṣe. Ó fẹ́ fi wọ́n ṣe magasíìnì olóṣooṣù, ìwé tí obìnrin lè kà tán kí ìrẹsì tó jinná, tí ẹni tí kò mọ̀wé sì lè ní kí ọmọ ka fún òun. Ó ti sọ ọ́ lórúkọ: Ìdí Ààrò. Òǹtẹ̀wé ló kù, ẹni tí yóò tẹ̀ ẹ́, tí yóò sì máa gbé e kiri tà. Ìyá kan ní Ìkìjà, tó pa àlọ́ tó gùn jù lọ fún un, ti kú kí ó tó gbọ́ kí a ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ sókè. Lọ́jọ́ tí a ti ibi òkú náà dé, Àǹtí jókòó sórí àpótí nínú ilé ìdáná, ó ní, "Bí n kò bá tètè rí òǹtẹ̀wé, mo máa sin gbogbo wọn tọ̀rọ̀tọ̀rọ̀. Bí mo bá sì kánjú, ìwé náà máa bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó máa sọ ọ́ di nǹkan mìíràn." Ìyá Àgbà ń ro ọbẹ̀, kò bojú wẹ̀yìn. "Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́," ló wí. "Màámi, àwọn tí mò ń sọ yìí ò ráyè ẹ̀sọ̀ mọ́." "Èmi ńkọ́? Ṣé mo ti kú ni?" A rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n Àǹtí dìde, ó padà sídìí táípùráítà rẹ̀.

Òkè-Ìlewó la kọ́kọ́ lọ, nítorí ibẹ̀ ni àwọn báńkì wà, gbogbo èèyàn sì gbà pé ohun tó bá wà ní Òkè-Ìlewó ti yanjú. Orí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni ọ́fíìsì òǹtẹ̀wé náà wà. Nígbà tí wọ́n ṣílẹ̀kùn, mo kọ́kọ́ rò pé ibà ló dé sí mi, nítorí òtútù bò mí lójijì lọ́sàn-án gangan. Inú àpótí kan lára ògiri ni òtútù náà ti ń jáde. Mo dúró sábẹ̀ rẹ̀, mo la ẹnu sílẹ̀, mo ń wo kápẹ́ẹ̀tì pupa tó bo ilẹ̀ yàrá náà láti igun dé igun. Ọ̀gá ibẹ̀ sanra, ohùn rẹ̀ dùn, ó sì ní kí wọ́n fún mi ní mínírà tútù. Ó ń ṣí bébà Àǹtí bí ẹni ń wo aṣọ lọ́jà.

"Ó dáa, Mìsísì, ó dáa gan-an. Ṣùgbọ́n orúkọ yìí! Ìdí Ààrò! Ta ló fẹ́ ra ìwé tó ń rùn èéfín?"

"Àwọn tó ń dáná ni, sà."

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Àwọn tó ń dáná kì í ra ìwé. Àwọn ọkọ wọn ló ń rà á. Ẹ jẹ́ ká fún un lórúkọ òyìnbó, ká gbé àwòrán olóyè kan síwájú, ká kó àwọn tó ṣègbéyàwó sáàárín. Ọ̀rọ̀ àwọn ìyá arúgbó yìí lè wà lẹ́yìn, bí àyè bá ṣẹ́ kù."

Àǹtí dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó di bébà rẹ̀ padà. Orí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí a ti ń sọ̀ kalẹ̀ ni ooru ti tún pàdé wa. Mo bi í léèrè bóyá a ò ní fún ọkùnrin yẹn ni, nítorí èmi kò tíì rí ibi tó tutù tó bẹ́ẹ̀ rí. Nígbà tí a délé tí a ròyìn fún Ìyá Àgbà, tí èmi sì ròyìn kápẹ́ẹ̀tì, ó ní, "Ìyàwó tí a bá fẹ́ lójú ijó, ìran ni yóò wò lọ." Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé kò sọ̀rọ̀ ìyàwó.

Bàbá mi ló mú ẹnì kejì wá. Èkó ló ti ń ṣiṣẹ́. Ó máa ń lọ ní ìdájí ọjọ́ Ajé, a kì í sì í rí i títí di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, nítorí náà ohun tó bá mú bọ̀ láti Èkó máa ń dà bí ohun tó ti òkè òkun wá lójú mi. Ọkùnrin náà jẹ láfún àti ọbẹ̀ ilá pẹ̀lú ẹja, ó yìn ín, ó nu ọwọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í dárúkọ àwọn ìlú tí yóò gbé ìwé náà dé: Ìbàdàn, Ìlọrin, Òṣogbo, Àkúrẹ́, Èkó. Mo ń fojú inú wo Ìdí Ààrò tó wọkọ̀ lọ síbi tí èmi kò dé rí. Lẹ́yìn náà ló wá sọ pé orúkọ ìwé náà yóò jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ òun. "Bó bá sú Mìsísì lọ́la, àwa á rí ẹlòmíràn tó máa máa kọ ọ́." Ìyá Àgbà ń gbé omi ìṣanwọ́ kúrò nílẹ̀. Ó dúró.

"Ẹ jọ̀ọ́ ọmọ mi, etí mi ti ń wúwo. Ẹni tó bí i á lọ, ọmọ á kù sọ́dọ̀ yín?"

"Bí iṣẹ́ yìí ṣe rí nìyẹn, Mama."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ ìyókù ẹja yẹn, kò lẹ́gùn-ún púpọ̀."

Nígbà tí àlejò lọ tán, bàbá mi fajú ro. "Fọlákẹ́, ta lo tún ń wá? Áńgẹ́lì?" "Bùọ̀dá mi, ẹni tó máa tẹ̀ ẹ́ bó ṣe wà ni mò ń wá." "Ìyẹn le ju áńgẹ́lì lọ," ni bàbá mi wí, ó sì lọ sùn.

Lafẹ́nwá la ti rí ẹnì kẹta, ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan tí kò jìnnà sí ojú irin. Ọ̀gbẹ́ni Ṣóbámbọ̀ ni orúkọ rẹ̀, ọkùnrin gíga, tínrín, tí ọwọ́ rẹ̀ dúdú fún yíǹkì dé ọrùn ọwọ́. Kò sí kápẹ́ẹ̀tì níbẹ̀. Ẹ̀rọ irin ńlá kan ló gba àárín ilẹ̀, ó ń la ẹnu, ó ń pa á dé, ó sì ń fi bébà kan sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tó bá la ẹnu, bí adìẹ tí kì í sinmi ẹyin yíyé. Lára ògiri, lẹ́tà òjé kún inú pákó tí wọ́n gé sí ihò kéékèèké, oríṣi kọ̀ọ̀kan nínú ilé tirẹ̀ bí ẹyẹlé. Ó bi mí ní orúkọ mi. Mo ní Rónkẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ rìn lára àwọn ihò náà láìwò wọ́n, ó to òjé sínú irin kan, ó fi yíǹkì kùn ún, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ bébà, ó sì nà án sí mi. Orúkọ mi ni. N kò tíì rí i rí bí kò ṣe ní ọwọ́ tèmi tàbí ti tíṣà lójú pátákó. Àfi bí ẹni pé ayé ti gbọ́ pé mo wà. Mo di bébà náà mú ní etí, kí n má bàa pa á rẹ́.

Kò béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ Àǹtí ju pé, "Tíṣà, ẹ jẹ́ kí n kà á ná." Ó kọ̀yìn sí wa lójú fèrèsé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ọkọ̀ ojú irin kan kọjá, gbogbo lẹ́tà inú ihò wọn ń wárìrì, kò gbórí sókè. Nígbà tó ṣe, mo rí i tí èjìká rẹ̀ ń mì, mo rò pé ó ń sunkún. Ẹ̀rín ló ń rín. Ó yíjú padà, ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, yíǹkì sì ti kàn án lẹ́rẹ̀kẹ́. "Ta ló pa àlọ́ yìí fún yín?" "Ìyá kan ní Ìkìjà ni. Ó ti kú." Ó gbé bébà náà kalẹ̀ tọwọ́ méjèèjì. "Mo máa tẹ̀ ẹ́ bó ṣe wà, Tíṣà. Mo ní alùpùpù. Mo lè gbé e dé Owódé, dé Itori, dé ibi tí taya bá lè dé. Ti Èkó ò sí lọ́wọ́ mi." Ọ̀rọ̀ tó sọ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àǹtí ń kánjú rìn títí a fi délé, mo sì rò pé ohun kan ló bí i nínú, àfi ìgbà tó dé ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná tó ní, "Màámi, mo ti rí i."

"Ta ni bàbá rẹ̀?" ni Ìyá Àgbà bi í.

"Màámi, òǹtẹ̀wé ni mo ní mo rí. N kò ní mo rí ọkọ."

"Mo gbọ́. Ta ni bàbá rẹ̀? Ṣé wọ́n máa ń jà nílé wọn? Ṣé ìran tó máa ń dáwọ́ iṣẹ́ dúró lágbedeméjì ni? O fẹ́ kó ẹnu gbogbo wa fún ọkùnrin, o ò mọ ilé tó ti dàgbà?"

Ní ilé tiwa, a kì í fa ọmọbìnrin fún ẹnikẹ́ni láìṣe ìwádìí. Àwọn àgbà obìnrin ló ń lọ, wọ́n á dé àdúgbò ìdílé ọkùnrin náà, wọ́n á fara balẹ̀ béèrè àìsàn, ìbínú, ìwà. Àmọ́ ẹni tó bá wá wádìí kì í sọ ohun tó bá wá. Á ní ewúrẹ́ òun ló sọnù, tàbí pé ọ̀rẹ́ kan lòun wá kí. Àwọn tó gbà á lálejò mọ̀ pé kò sí ewúrẹ́ níbì kankan. Wọn á ṣe bí ẹni tí kò mọ̀, wọ́n á sì dáhùn ohun gbogbo. Bí Ìyá Àgbà ṣe gbọ́ pé Owódé ni Ọ̀gbẹ́ni Ṣóbámbọ̀ ti wá, ó ní òun ń lọ sí Owódé. Àǹtí bẹ̀ ẹ́, ó ní iṣẹ́ ni èyí. Ìyá Àgbà ní òun náà mọ̀ pé iṣẹ́ ni.

Èmi àti òun la jọ wọ bọ́ọ̀sì lọ. Ó wọ aṣọ tó máa ń wọ lọ gba Ìdàpọ̀ Mímọ́, mo sì jókòó sáàárín òun àti fèrèsé, mò ń wo bí oko ṣe ń sáré kọjá. Ní Owódé, wọ́n júwe agboolé Ṣóbámbọ̀ fún wa. Àwọn obìnrin ń yan gààrì lábẹ́ igi ọsàn níbẹ̀, èéfín bo gbogbo ojúde. A kí wọn kú iṣẹ́, wọ́n kí wa káàbọ̀, wọ́n fún wa lápótí. Ìyá Àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè: ọmọ yín tó wà ní Lafẹ́nwá yìí, ṣé ó ń mutí? Ṣé ọ̀rọ̀ rẹ̀ máa ń dúró? Mo rí i tí wọ́n wo ara wọn. Ọ̀kan nínú wọn, tó mú igbá ìyangààrì lọ́wọ́, rẹ́rìn-ín mùsẹ́. "Mama, kí lẹ bá wá gan-an?" Ìyá Àgbà jẹ́ ẹni tí kì í purọ́, ó tilẹ̀ máa ń bá àlùfáà wí bí àpèjúwe rẹ̀ bá ti kọjá àyè. "Iṣẹ́ ìwé ni," ló wí. "Ọmọ mi obìnrin fẹ́ kí ó bá òun tẹ ìwé."

Ẹ̀rín sọ lábẹ́ igi náà. "Iṣẹ́ ìwé! Ẹ kú iṣẹ́ ìwé o, Mama!" "Áà, ayé ti lajú! Ewúrẹ́ la máa ń wá nígbà tiwa." "Ó ti pẹ́ tó ti yẹ kó rí ẹni tó máa bá tẹ̀wé, ojú ara rẹ̀ nìkan ló ń wò nílé." Ìyá Àgbà bá wọn rẹ́rìn-ín díẹ̀, torí ìwà àlejò. Ẹnì kan sáré wọlé, ìyá arúgbó kan sì jáde pẹ̀lú ọ̀pá, ìyá tó bí Ọ̀gbẹ́ni Ṣóbámbọ̀ fúnra rẹ̀. Ó jókòó ti Ìyá Àgbà tímọ́tímọ́. "Ọmọ yín náà, ṣé ara rẹ̀ le?" "Ó le, a dúpẹ́." "Ṣé kì í bínú?" Ìyá Àgbà ro ó dáadáa. "Àfi bí èèyàn bá fọwọ́ kan ohun tó kọ." "Ìyẹn ò burú," ni ìyá náà wí, "èyí tèmi náà kì í jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kan lẹ́tà òun." Wọ́n bu ìrẹsì ọ̀fadà sínú ewé fún wa, wọ́n béèrè ilé wa ní Ìporò, wọ́n sì sìn wá dé ìdí ọkọ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Nígbà tí bọ́ọ̀sì gbéra, Ìyá Àgbà mí kanlẹ̀. "Èèyàn dáadáa ni wọ́n," ló wí fún mi. "Wọ́n sì fẹ́ràn ìwé púpọ̀."

Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo ń gbá ojúde lọ́wọ́ nígbà tí mo gbọ́ orin láti ìsàlẹ̀ òkè. Àwọn obìnrin ń bọ̀ ní ìlà, agbọ̀n iṣu lórí àwọn kan, àwo àádùn àti oyin àti obì lórí àwọn mìíràn. "Ta ló ń fọmọ fọ́kọ ládùúgbò wa láìsọ fún mi?" ni Ìyá Àgbà béèrè láti ìdí ọlọ. Kí n tó dáhùn, wọ́n ti yà sí ẹnu ọ̀nà wa. Ìyá Owódé, ìyá Ọ̀gbẹ́ni Ṣóbámbọ̀, ló ṣíwájú, pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀, ó sì ní, "A rí òdòdó kan nínú ọgbà yín, ó wù wá já." Bàbá mi, tó jókòó pẹ̀lú síńgílẹ́ẹ̀tì níwájú ilé, fò sínú yàrá lọ wá ṣẹ́ẹ̀tì. Ìyá Àgbà fi ọwọ́ ata bo ẹnu. Mo rí i lójú rẹ̀ bí gbogbo Owódé ṣe ń yé e, láti orí ewúrẹ́ títí dé orí ìrẹsì. Ní àkókò yẹn gan-an ni alùpùpù kan han gooro lábẹ́ òkè, Ọ̀gbẹ́ni Ṣóbámbọ̀ sì sáré wọlé nínú aṣọ iṣẹ́ rẹ̀. "Màámi! Màámi, ẹ jọ̀ọ́! Ta ló ní kí ẹ wá?" Kò lè wo apá ilé tí Àǹtí wà nínú rẹ̀.

Àǹtí jáde. Ẹ̀rù bà mí fún un, nítorí mo mọ̀ pé ìtìjú tó wà nílẹ̀ yẹn lè wó ilé. Ó kúnlẹ̀ níwájú wọn. "Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ kú ìrìn, ẹ kú ìnáwó. Màámi ò purọ́ fún yín. Iṣẹ́ ìwé ni lóòótọ́. Kì í ṣe èmi ni wọ́n torí ẹ̀ wá wádìí." Orin dákẹ́. Ẹnì kan sọ agbọ̀n kalẹ̀. "Iṣẹ́ ìwé," ni Ìyá Owódé wí, "iṣẹ́ ìwé náà ni?" "Òun náà ni, Mama." "Mo ti dágbére fún gbogbo Owódé. Mo ní mò ń lọ mú ìyàwó. Kí ni mo fẹ́ wí bí mo bá délé?" Èmi pàápàá, ọmọdé, mọ ohun tó kàn: bí ìyá yìí bá fi ìtìjú padà sílé, ọmọ rẹ̀ kò ní lè tẹ ojú ìwé kan fún wa mọ́. Kò sí ọmọlúàbí tó máa tẹ ìwé ilé tí wọ́n ti dójú ti ìyá rẹ̀. Òkè-Ìlewó ló kù, àti Èkó.

Àǹtí dìde, ó wọ yàrá rẹ̀, ó sì gbé bébà Ìdí Ààrò jáde lórí àwo. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ Ìyá Owódé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka àlọ́ ìyá Ìkìjà. Àwọn obìnrin náà wo ibòmíràn. Nígbà tó dé ibi tí wọ́n ti ń gbe orin àlọ́ náà, ó dúró, bí èèyàn ṣe máa ń dúró de ẹlẹ́gbè, kò sì sẹ́ni tó gbè é. Ó tún un kà. Mo ṣí ẹnu mi láti gbè é, ẹ̀rù bà mí, mo pa á dé. Ìgbà náà ni ohùn kan jáde láti ẹ̀yìn, ohùn obìnrin tó mú igbá lọ́wọ́ lọ́jọ́sí, ó gbè é, òmíràn tẹ̀ lé e, gbogbo wọn sì gbè é, títí àpáta ẹ̀yìn ilé wa fi ń dá a padà fún wa. Ìyá Owódé nìkan ni kò gbè é. Ó dúró kí Àǹtí kà á tán. "Kò parí síbẹ̀ yẹn," ló wí. "Ó kù. Ìyá mi máa ń pa á gùn ju báyìí lọ." Àǹtí gbójú sókè wò ó bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun. "Mama, ẹ mọ èyí tó kù?" "Kí ló dé tí n kò ní mọ̀ ọ́n?"

Mo ti rí ọ̀pọ̀ nǹkan láti ìgbà náà. Mo ti rí òkun, mo ti rí ojú ọmọ tí èmi fúnra mi bí. N kò tíì rí ohun tó dùn mọ́ mi, tó sì tún bà mí lẹ́rù, bí ohun tí Ìyá Àgbà ṣe tẹ̀ lé e. Ó ṣan ata kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ pátápátá. Ó gba àwo náà lọ́wọ́ Àǹtí, ó rọra kúnlẹ̀, òun tí orúnkún rẹ̀ kì í gbà á láyè mọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. "Ìyá Owódé," ló wí, "ẹ ò ní lọ lófìfo. Ọmọ tó ń bẹ nílé wa tí a fẹ́ fà lé yín lọ́wọ́ rèé. Bí ìyàwó bá dé ilé ọkọ, ẹ máa ń fún un lórúkọ. Èyí ò gba orúkọ. Ìdí Ààrò la sọ ọ́, òun ló máa jẹ́. Ẹ má fi aṣọ ẹlòmíràn wọ̀ ọ́. Bí ara rẹ̀ ò bá yá, ẹ ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀, ẹ má lọ wá ìyá mìíràn fún un." Ìyá Owódé gbà á, ó gbé e lé ẹsẹ̀, ó sì bojú wo ọmọ rẹ̀. "Ìwọ, ṣé o gbọ́ ohun tí àna rẹ wí?" "Mo gbọ́, Màámi." "Kí lo wá ń dúró wò?" Ọ̀gbẹ́ni Ṣóbámbọ̀ bọ́ sálúbàtà rẹ̀. Ó nà gbalaja sílẹ̀ níbi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá, pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ àti yíǹkì, ó dọ̀bálẹ̀ fún Ìyá Àgbà, ó dọ̀bálẹ̀ fún bàbá mi tó ti de bọ́tìnnì ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ gbòdì, ó sì dọ̀bálẹ̀ fún Àǹtí, tó dúró tọ́ọ́tọ́ bí ẹni tí wọ́n gbìn síbẹ̀. Ìgbà tí bàbá mi gbàdúrà tán, wọ́n gbé iṣu ka iná, Àǹtí sì mú bírò, ó lọ jókòó ti Ìyá Owódé kí àlọ́ lè parí.

Àwọn tí mo bá sọ èyí fún máa ń béèrè bóyá wọ́n fẹ́ ara wọn nígbẹ̀yìn. Rárá o. Ọ̀gbẹ́ni Ṣóbámbọ̀ fẹ́ nọ́ọ̀sì kan ní Itori, Àǹtí ló sì bá wọn ṣètò oúnjẹ. Àǹtí náà rí tirẹ̀ nígbà tó yá. Ohun tó so wọ́n pọ̀ kò ní orúkọ mìíràn ju iṣẹ́ lọ, mo sì ti dàgbà tó láti mọ̀ pé ìyẹn kì í ṣe ohun kékeré. Ọjọ́ tí Ìdí Ààrò àkọ́kọ́ jáde, Owódé ni wọ́n kọ́kọ́ gbé e lọ, mo sì bá wọn lọ. Àǹtí kò gbà kí wọ́n dì í mọ́ alùpùpù láti ìdí ọkọ̀; orí ara rẹ̀ ló gbé e lé, lórí òṣùká, Ọ̀gbẹ́ni Ṣóbámbọ̀ ń ti alùpùpù bọ̀ lẹ́yìn wa. Nígbà tí a dé ẹnu ọ̀nà agboolé, Ìyá Owódé ti dúró síbẹ̀ pẹ̀lú igbá omi. "Ẹ dúró," ló wí. Ní ilẹ̀ wa, ìyàwó kì í kọjá ẹnu ọ̀nà ilé ọkọ kí wọ́n tó fomi fọ ẹsẹ̀ rẹ̀. Obìnrin kan pariwo pé, "Mama, bébà ni o! Omi á bà á jẹ́!" Ìyá Owódé wo ẹrù tó wà lórí Àǹtí. Ó wo ilẹ̀. "Ẹsẹ̀ tó gbé e wá ńkọ́?" Ó fi ọ̀pá rẹ̀ lé mi lọ́wọ́, ó bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Àǹtí bọ́ bàtà. Omi náà tutù, mo mọ̀ nítorí ó ta sí èmi náà lẹ́sẹ̀. Ìyá náà fọ ti ọ̀tún, ó fọ ti òsì, ó ń yọ eruku Owódé kúrò láàárín ọmọ ìka wọn, ọrùn Àǹtí kò sì mì lábẹ́ ẹrù náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé omi ń dà lójú òun náà. Lẹ́yìn náà, ìyá fi etí ìró rẹ̀ nù wọ́n gbẹ, ó di apá mi mú kí ó tó dìde.

"Máa wọlé," ló wí. "A ti jókòó, ẹni tó máa kà á fún wa la ń retí."